Ẹni Tó Ni Ilé Ló Ni Ilẹ̀kùn, Ṣùgbọ́n Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Àwa akọ̀wé yín la tún dé. Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù kà á. Ẹni tí kò bá lè kà, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé wa tó kọjá, ẹ ò tíì gbàgbé bí ariwo ṣe sọ lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyá láti ìsọ̀ onírẹsì ló dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ṣòfin pé obìnrin kankan tó bá ti òdì-kejì ibodè wá, ìbáà ṣe Ìgólo, ìbáà ṣe Àjàṣẹ́, ìbáà ṣe Kétu, kò gbọ́dọ̀ jókòó tajà lọ́jà wa mọ́. Wọ́n ní àwọn yẹn ń ba ọjà jẹ́, wọ́n ń tà á lọ́pọ̀, wọn ò bá wa dá àjọ, owó tí wọ́n bá sì pa, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń kó o lọ. Bí àwọn aláta àti alálùbọ́sà ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n fò sókè. Wọ́n ní bí àwọn yẹn ò bá wá, kí ni àwọn fẹ́ tà? Ìyálọ́jà wa ló pa iná ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ká lọ rò ó nílé, pé ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lé e.

Àwa ti rò ó. Àwa ò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n a ò ní sọ pé àwọn tó dá a lábàá ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Òótọ́ wà lẹ́nu wọn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi yẹ ká jókòó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Torí pé ohun tá a fẹ́ dìbò lé nínú ọjà kékeré yìí, òun náà ni àwọn ìjọba ti ń bá ara wọn fà á láti ọjọ́ pípẹ́: ṣé kí onílé ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, àbí kó ṣí i fún aládùúgbò?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà àwọn baba ńlá wa, ìlú ní odi, odi ní ẹnu ọ̀nà, oníbodè sì wà níbẹ̀. Alájàpá á dé, á sọ̀ ẹrù kalẹ̀, oníbodè á wò ó, á gba owó ẹyọ, á ní kó máa lọ. Bí ogun bá ń bọ̀, wọ́n á ti ẹnu odi. Bí ogun bá lọ, wọ́n á ṣí i. A ò gbọ́ ọ rí pé oníbodè kan ti ẹnu odi mọ́ alájàpá fún ọdún méjì torí pé òle kan gba ibẹ̀ wọlé. Ìlú tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà rẹ̀ á tú.

Ààlà tó wà láàrín àwa àti Bẹ̀nẹ̀ lónìí, kì í ṣe oníbodè wa ló fà á. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ fọwọ́ sí ìwé, tí wọ́n sì fa ìlà sáàrín wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan ń ná náírà, èkejì ń ná sẹ́fà. Ìlà ti wà, a ò lè fi itọ́ pa á rẹ́. Orílẹ̀-èdè méjì ni wá, olúkálùkù ló ní àṣẹ lórí ilẹ̀ rẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìjọba fúnra wọn ló rí i pé ìlà náà ń pa wá lára. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, ní Èkó níbí, orílẹ̀-èdè 15 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ECOWAS. Ọ̀gágun Yakubu Gowon tiwa àti Ọ̀gágun Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ni wọ́n sáré rẹ̀ jù. Nígbà tó di ọdún 1979, wọ́n tún fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì, kó lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà.

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa o. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́, ó ti fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àṣẹ ara rẹ̀. Ẹ wo ẹgbẹ́ tiwa yìí. Kí á tó dá a sílẹ̀, ìgbà tó wu kálukú ló ń ṣí ìsọ̀. Lónìí, bí ẹgbẹ́ bá ní ká tì í lọ́jọ́ ìmọ́tótó, a ó tì í, bí oníbàárà tilẹ̀ dúró síta. Ohun tá a fi sílẹ̀ nìyẹn. Ohun tá a rí gbà ńkọ́? Bí iná bá jó ìsọ̀ ẹnì kan, gbogbo wa la máa dáwó fún un. Bí agbowó-òde bá fẹ́ rẹ́ ẹnì kan jẹ, gbogbo wa ló máa bá pàdé. Ta ló máa fẹ́ kúrò nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ torí pé wọ́n ní kó ti ìsọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan?

Bó ṣe rí láàrín àwọn orílẹ̀-èdè náà nìyẹn. Láti ọdún 2015, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé iye kan náà ni àwọn máa gbà ní ibodè lórí ọjà tó bá ń ti òkè òkun bọ̀. Ìpele márùn-ún ló ní: òmíràn ò san nǹkan kan, èyí tó ga jù ń san 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n tó bá di orí ìrẹsì, Nàìjíríà fi owó lé owó, ó di 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí ni pé ó fẹ́ kí àgbẹ̀ ilé rí nǹkan tà. Bẹ̀nẹ̀ ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé yín. Bí ọjà kan bá wọ́n nílé tó sì pọ̀ lójúde, ṣé kò ní wọlé lóru? Ọkọ̀ ojú omi ń já ìrẹsì sí Kútọnu láti Thailand àti Íńdíà, ìrẹsì náà ń gba inú igbó wá sí ìkòkò wa. Nígbà tó di ọdún 2016, ìjọba wa ní ìrẹsì ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ rárá. Fàyàwọ́ ò tìtorí ẹ̀ sinmi.

Ibẹ̀ la wà tí ọdún 2019 fi dé. Ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún náà, ní ìlú Niamey, ìjọba wa fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní AfCFTA, pé kí gbogbo Áfíríkà di ọjà kan. A dúpẹ́, a jó. Ọjọ́ 44 péré lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, wọ́n ti ibodè. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí, apẹ̀rẹ̀ ata rodo 14 la ní ní Ìgólo lọ́jọ́ náà. Owó àjọ la fi rà á, ọwọ́ wa la fi ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà. Mótò dé ẹnu ibodè, wọ́n ní kó padà. A bẹ̀bẹ̀, a kúnlẹ̀, wọ́n ní àṣẹ ti òkè wá. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, omi ti ń kán lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Méjì la rí tà ní ẹ̀dínwó lọ́dọ̀ọ́hùn-ún, a da 12 nù sínú kòtò lójú ara wa. Ọmọ wa tó yẹ kó wọlé ìwé ní oṣù kẹsàn-án, ọdún kejì ló tó wọ̀ ọ́. A ò sọ ọ́ láti wá ẹkún. Ẹ mọ ara yín, ẹ̀yin tí tiyín ju tiwa lọ. A sọ ọ́ torí kí á mọ ohun tí à ń sọ nígbà tí a bá ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ibodè náà ò ṣí títí di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ẹnu mẹ́rin péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣí, Sèmè wà nínú rẹ̀. Ìdí-Ìrókò tiwa ò sí níbẹ̀. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n tì í ti ń sáré kiri ọjà.

Ó yẹ ká sọ tẹnu ìjọba náà. Wọ́n ní ìbọn ń gba ibẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni pé ìbọn kì í ṣe ọjà ẹnikẹ́ni nínú wa, ìjọba tí kò bá lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ìjọba. Wọ́n ní bẹntiróòlù wa ń jáde lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò ní ẹ̀dínwó. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Wọ́n ní àgbẹ̀ onírẹsì wa ń kú. Ìyá kan láti ìsọ̀ onírẹsì sọ fún wa pé ọdún tí wọ́n ti ibodè yẹn ni òun kọ́kọ́ rí i tí àwọn oníbàárà ń tò sí ìdí ìrẹsì Ọ̀fadà, tí òun ò ní láti máa pè wọ́n. A gbà á gbọ́. Bí àwọn kan bá pàdánù, àwọn kan jèrè. Ẹni tó bá jèrè ò purọ́, ẹni tó bá pàdánù ò purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo òpin rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba ní ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 11.02 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó ti di 14.89. Àrùn Kòrónà náà bù kún un, a ò ní purọ́ mọ́ ibodè nìkan. Síbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ mọ̀ pé òun gbẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ibi tí kò bá jìnnà sí ààlà ju 20 kìlómítà lọ. Ọmọ Nàìjíríà ni wá, inú Nàìjíríà la ń gbé, àwa ni wọn ò gbé epo wá fún. Wọ́n fẹ́ na olè, wọ́n na onílé mọ́ ọn.

Àwọn onífàyàwọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ilé yín wà létí ọ̀nà igbó, ṣé ẹ ò gbọ́ ìró mótò lóru ní gbogbo ìgbà tí ibodè fi wà ní títì? Ìrẹsì òkèèrè kò tán lọ́jà, iye rẹ̀ ló lọ sókè. Ẹni tó ní owó tó lè là ọ̀nà ẹ̀bùrú ń kọjá, aláapẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá padà. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ta ló ń ra ìrẹsì yẹn lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ìgólo tí à ń bínú sí? Ta ló ń tà á sínú kóńgò lẹ́yìn ìsọ̀? A mọ ara wa.

Ọ̀rọ̀ míì wà tó yẹ kó dùn wá ju èyí lọ. Ẹ bi àwọn ìyá wa àgbà léèrè nípa ọdún 1969. Ọmọ Yorùbá kún Kùmásí, wọ́n kún Àkìrà, wọ́n kún Tàmálè. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí, ọjà ni wọ́n ń tà, ibẹ̀ ni wọ́n bímọ sí. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia ní àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló ní kó fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Àwọn obìnrin fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n ń bọ̀. Ohun tí wọ́n sì sọ nípa wọn kó tó dìgbà náà ni pé wọ́n ń ba ọjà jẹ́, àti pé owó tí wọ́n bá pa, ilé wọn ni wọ́n ń kó o lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ò jọ ohun tí a gbọ́ ní ìpàdé wa?

Oṣù kìíní ọdún 1983, ó di tiwa. Àwa náà lé wọn. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni a sọ ní "Gánà Mọ́ọ̀sì Gò", ó wà lórí àtẹ wa títí dòní, a ń fi ẹ̀sín aládùúgbò pajú owó. Nígbà tó yá, ó tún yí padà. Òfin kan tí Gánà ṣe lọ́dún 2013 ní àjòjì tó bá fẹ́ ṣòwò títà-rírà gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù dọ́là kan wá, ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ inú ọjà sì jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ní 2019 àti 2020, wọ́n fi àgádágodo ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Àkìrà. A bínú, a ní wọn ò mọ ECOWAS. Bí a bá wá lé àwọn ará Ìgólo lọ́jà wa, ẹnu wo la ó fi sọ̀rọ̀? Àwọn ọmọ wa ṣì wà ní Gánà. Àwọn ará Èjìgbò kún Àbíjàn. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ẹ wo ti àwọn ará òkè náà. Oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger. ECOWAS ti ibodè mọ́ wọn, Nàìjíríà já iná mànàmáná wọn. Ó di oṣù kejì ọdún 2024 kí wọ́n tó gbé ìyà náà kúrò. Ta ló jẹ ẹ́? Ọ̀gá ológun ò sùn lébi. Alálùbọ́sà àti oníṣòwò ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Níkẹyìn, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Niger, Màlì àti Burkina Faso fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó ku 12. Wọ́n ní ẹgbẹ́ fẹ́ gba àṣẹ ilé àwọn mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti jáde. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà tí wọ́n gbìn, ọjà ló ṣì ń wá. Ẹgbẹ́ tó bá fi pàṣán nìkan pe ọmọ ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sá lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá sì rò pé òun lè dá jẹ́ ọjà, á rí i pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Kí wá ni ká ṣe? Èrò tiwa rèé, ẹ gbé e yẹ̀ wò kí ẹ tó dìbò.

Èkíní, kí a má lé ẹnikẹ́ni. Kí àwọn obìnrin òdì-kejì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣe onídùúró fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n san owó tíkẹ́ẹ̀tì bí a ṣe ń san án, kí wọ́n bá wa dáwó nígbà tí iná bá jó ìsọ̀. Ẹni tó bá jẹ nínú ọjà, kó bá wa gbé ẹrù ọjà. Ìyẹn ni oníbodè ń ṣe.

Èkejì, ọjà tí òfin kò fẹ́, ìrẹsì òkèèrè tó gba inú igbó wọlé, tòlótòló dídì, kí a má tà á, ìbáà ṣe ọmọ Ìgólo, ìbáà ṣe ìyàwó báálẹ̀ wa. Bí a bá fẹ́ gba onírẹsì ilé là, ọwọ́ ara wa la ó kọ́kọ́ dè.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ̀wé sí ìjọba. A ò ní sọ pé kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn wọn láé. Àwọn ló ni í. Ohun tí a fẹ́ ni pé bí wọ́n bá fẹ́ tì í, kí wọ́n kéde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ata wa má jẹrà lójú ọ̀nà. Kí wọ́n ya ọ̀nà aláapẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti onítírélà. Òfin ECOWAS ti ní irè oko tí a ò tíì fi ẹ̀rọ ṣe àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ò nílò ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá, kò sì yẹ kó san owó ibodè. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà ní èdè Yorùbá sí ẹnu ibodè, kí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ wa lójú ọ̀nà mọ̀ pé a mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a rán ènìyàn mẹ́ta sí àwọn ìyá ọjà ní Ìgólo, kí àwọn náà rán mẹ́ta sí wa. Àwọn ìjọba ń ṣe ìpàdé tiwọn ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwa lè ṣe tiwa lábẹ́ igi. Bí wọ́n bá tún fẹ́ tì í lọ́jọ́ kan, ó kéré tán, a ó ti mọ ilé ara wa.

Ẹ̀yin ìyá onírẹsì, ẹ má bínú sí wa. A ò gbàgbé yín. Ẹ jẹ́ ká jọ gbèjà ìrẹsì Ọ̀fadà, ká polówó rẹ̀, ká gbé e sí iwájú ìsọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìrẹsì tó máa dùn láìsí ata, ata wa ń ti òdì-kejì wá. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Ẹ wá síbi ìdìbò o. Ẹni tí kò bá wá, kó má kùn lẹ́yìn. A kí Ìyálọ́jà, a kí gbogbo ìsọ̀. Ọjà á tà, àwìn ò ní pa wá.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́